Ìdúró De Ìtàn: Bí Àwọn Ènìyàn Ṣe Retí Eré Elden Ring, 2019 sí 2022

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba. Òwe náà kò sọ ohun tí baba ń ṣe ní gbogbo àkókò tí ó fi ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà já lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti akólòlò rí mọ̀ pé ẹni tí ń dúró kì í ṣe ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Yóò máa méfò ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀. Yóò máa fi ọkàn parí gbólóhùn tí ẹnu kò tíì parí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rò a dùn ju èyí tí ó jáde lọ.

Bákan náà ni ó rí nínú ìtàn sísọ. Bí apàlọ́ bá ti ké "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọ sì ti dáhùn "Ààlọ̀!", ìtàn kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn olúkúlùkù. Àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ a sábà máa yẹ òǹkọ̀wé wò, wọn a sì máa yẹ ìwé wò. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń yẹ ẹni tí ń dúró de ìwé wò. Ohun tí àròkọ yìí dá lé ni ìtàn ìdúró kan tí ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé láti ọdún 2019 sí ọdún 2022, nígbà tí àìmọye ènìyàn ń retí Elden Ring, eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ará Jàpáànù ṣe. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó ń mú kí ìrètí dùn, kí sì ni ó ń sọ ọ́ di ìjákulẹ̀?

Irú Eré Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Kàn

Eré orí ẹ̀rọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù, pín sí oríṣiríṣi. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni irú èyí tí ẹni tí ń ṣeré yóò gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí yóò sì máa darí rẹ̀ kiri nínú ayé abàmì, ayé tí ó kún fún iwin, òmìrán, dírágónì àti òkú tí ń rìn. Ẹ̀dá-ìtàn náà yóò jà, yóò ṣubú, yóò dìde. Agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bí ìrìn-àjò náà bá ti ń gùn sí i. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, ti mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ọdẹ a wọ igbó, abàmì ẹ̀dá a dínà, ìjà a sì bẹ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú ìwé, Àkàrà-ògùn ni ó ń jà, òǹkàwé ń wò ó. Nínú eré, ọwọ́ ẹni tí ń ṣeré ni ìjà náà wà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ́ra, ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ yóò kú.

Kì í ṣe orí ẹ̀rọ ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ìdí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, tàwọn ti ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn, àwọn yòókù yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà fi gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Wizardry àti Ultima, tí àwọn méjèèjì jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, rìn dé Jàpáànù. Ibẹ̀ ni irú eré náà ti wá ta gbòǹgbò tí ó lágbára.

Ìlà Ọdún 1988

Ọ̀kan nínú àwọn tí Wizardry àti Ultima wọ̀ lára ní Jàpáànù ni Yuji Horii. Òun ni ó ṣe Dragon Quest, tí ilé-iṣẹ́ Enix gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1986. Akira Toriyama, gbajúgbajà ayàwòrán, ni ó ya àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ kan tí ó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Shonen Jump, sì ń bu ìròyìn rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tí ń fi ọbẹ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu wò.

Nígbà tí yóò fi di pé ẹ̀kẹta nínú eré náà fẹ́ jáde, ara kò gba ìdúró mọ́. Ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 1988 ni Dragon Quest III jáde. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ iléèwé. Àwọn ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìtajà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ó tà lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò dé iléèwé lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá sì kó nínú àwọn tí wọ́n bá lórí ìlà.

Ìtàn kan tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìjọba Jàpáànù ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ ta Dragon Quest mọ́ lọ́jọ́ iléèwé. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní láti ya àhesọ sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́, bí ó ti wù kí àhesọ náà dùn tó. Ohun tí ó dájú ni pé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1990, ni Dragon Quest IV jáde.

Ìdúró ọdún 1988 jẹ́ ìdúró tí ojú rí. Ó ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ìlà, ó ní òtútù òwúrọ̀. Àwọn tí ń dúró ń wo ẹ̀yìn ara wọn. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ìlà náà kò parẹ́. Ó kàn di ohun tí ojú kò rí mọ́, ó sì gùn láti ìlú dé ìlú.

Hidetaka Miyazaki Àti Ìwé Tí Kò Yé E Tán

Kí ìdúró de Elden Ring tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Shizuoka ní Jàpáànù ni Hidetaka Miyazaki ti dàgbà, nínú ẹbí tí kò lówó lọ́wọ́. Ilé ìkàwé ni ó ti ń rí ìwé kà. Nínú àwọn ìwé tí ó ń yá, àwọn kan wà tí wọ́n ga ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Apá kan yóò yé e, apá kan kò ní yé e. Níbi tí kò bá ti yé e, yóò fi ọkàn ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé èyí fún àwọn oníròyìn gẹ́gẹ́ bí orísun ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ìtàn.

Kì í ṣe iṣẹ́ eré ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Oracle ni ó wà, kí ó tó rí eré Ico tí ó yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó ti di ọmọ ọdún 29 kí ó tó wọ FromSoftware ní ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ti ní orúkọ díẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbé King's Field jáde ní ọdún 1994. Miyazaki bá iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà ti rò pé kò ní yọrí sí rere. Ó rò ó pé bí òun bá gba iṣẹ́ tí ó ti kùnà, kò sí ẹni tí yóò bínú bí ó bá tún kùnà lọ́wọ́ òun. Iṣẹ́ náà ni ó di Demon's Souls, tí ó jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kejì ọdún 2009. Ilé-iṣẹ́ Sony kò gbà láti tà á lẹ́yìn odi Jàpáànù. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu dé ẹnu, ni ó fi di ohun tí ayé mọ̀.

Ohun méjì nínú eré náà ni ó tan mọ́ ọ̀rọ̀ ìdúró. Èkíní, ìtàn inú rẹ̀ kò tò tẹ̀ léra. Kò sí ẹni tí ń jókòó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fọ́n ká sínú àwókù ilé, sínú àkọlé orí idà àti òrùka, sínú ọ̀rọ̀ gbólóhùn méjì tí arúgbó kan sọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ń ṣeré ni yóò ṣà wọ́n jọ. Èkejì, àwọn tí ń ṣeré lè kọ ọ̀rọ̀ péńpé sílẹ̀ fún ara wọn, láti fi kìlọ̀ tàbí láti fi tọ́ ọ̀nà, láìmọ ara wọn rí. Miyazaki sọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ní ọjọ́ kan, yìnyín mú kí àwọn ọkọ̀ máa yọ̀ lórí òkè kan. Ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ti èyí tí ó wà níwájú, títí wọ́n fi gun òkè náà já. Òun náà gòkè, ṣùgbọ́n kò lè dúró láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti òun, nítorí bí ó bá dúró, yóò tún há.

Láti inú Demon's Souls ni Dark Souls ti jáde ní ọdún 2011, tí Bloodborne sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2015. Miyazaki ti di olórí ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún 2014. Nítorí náà, nígbà tí ọdún 2019 fi dé, àwọn olólùfẹ́ eré rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́wàá lórí bí a ti ń fi ọkàn dí àlàfo.

Ọdún Méjì Ìdákẹ́jẹ́

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 2019 ni wọ́n kéde Elden Ring ní Los Angeles, níbi àfihàn ọdọọdún tí a ń pè ní E3. Fíìmù péńpé ni wọ́n fi kéde rẹ̀. Òkùnkùn ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń fi òòlù lu nǹkan, òrùka ńlá kan fọ́, ohùn kan ń sọ̀rọ̀. Kò sí ibì kankan tí a ti rí bí a ó ti ṣe eré náà. Wọ́n sọ pé George R. R. Martin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìtàn àtijọ́ ayé tí eré náà yóò ti wáyé, Miyazaki àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì kọ́ eré lé e lórí. Àwọn òǹkàwé Martin pàápàá mọ ìdúró dunjú, nítorí láti ọdún 2011 tí ó ti gbé ìwé karùn-ún nínú ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde ni wọ́n ti ń retí ẹ̀kẹfà.

Lẹ́yìn ìkéde náà, ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọdún 2019 parí. Ọdún 2020 wọlé pẹ̀lú àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà; wọ́n fagi lé E3 ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti ilé ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Miyazaki bá àwọn oníròyìn sọ lẹ́yìn ìkéde, kò sí àwòrán tuntun, kò sí ọjọ́ tí a dá.

Ibi tí ìtàn yìí ti yàtọ̀ nìyí. Àwọn tí ń dúró pé jọ sí ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan lórí Reddit. Nígbà tí wọn kò rí ìròyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́ láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn ń hun ìtàn ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa eré náà bí ẹni pé ó ti jáde, tí wọ́n ti ṣe é parí. Ẹnì kan a mẹ́nu ba ọ̀tá líle kan, ẹlòmíràn a fi ohun ìjà sí i lọ́wọ́, ẹnì kẹta a sọ bí òun ti ṣẹ́gun rẹ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn ìdúró yìí ni Glaive Master Hodir, jagunjagun tí a kò rí rí, tí ó sì ní ìtàn, ọ̀nà ìjà àti àwọn tí ń bú u pé ó ti le jù. Àwọn oníròyìn eré ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Àìsí ńlé ológbò, ilé di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, àwọn èkúté kò ba nǹkan jẹ́, ilé ni wọ́n ń kọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, níbi ayẹyẹ The Game Awards, Elden Ring ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ fún eré tí àwọn ènìyàn ń retí jù lọ. Kò tíì sí ẹni tí ó rí i bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ìlérí Tí Ó Wúwo Ju Ẹrù Lọ

Nínú oṣù Kejìlá kan náà ni ìdúró mìíràn parí, èyí tí ó gun ju ti Elden Ring lọ. CD Projekt Red, ilé-iṣẹ́ ará Pólándì, ti gba ìyìn púpọ̀ lórí The Witcher 3, eré ayé abàmì tí ó jáde ní ọdún 2015. Cyberpunk 2077 ni ó tẹ̀ lé e. Eré yìí kò ní iwin tàbí dírágónì. Ìlú ńlá ọjọ́ iwájú ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń dúró dè é fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn kan náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni ó gba ìgbà ìdúró kan. Ìpolówó pọ̀, àfihàn pọ̀, ìlérí sì ń gorí ìlérí. Ọjọ́ tí yóò jáde yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọdún 2020 nìkan: láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án, sí oṣù Kọkànlá, kí ó tó wá jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá.

Àwọn oníròyìn tí wọ́n fún ní eré náà ṣáájú gba èyí tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà. Wọn kò rí èyí tí a ṣe fún àwọn ẹ̀rọ eré àtijọ́, PlayStation 4 àti Xbox One, tí ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gan-an ni àbùkù rẹ̀ ti fojú hàn. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ó jáde tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ìtajà rẹ̀, tí ó sì ń dá owó padà fún àwọn tí ó rà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Marcin Iwiński, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, jáde síta láti tọrọ àforíjì. Ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é kò kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe fún ọdún púpọ̀ títí ó fi gba ìyìn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ẹ̀yìn ọ̀la kò lè dá adùn ọjọ́ kìíní padà.

Ó rọrùn láti sọ pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó dára, ariwo ni kò dára. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Shonen Jump pariwo Dragon Quest, ọjà sì dùn. Ohun tí ó ya àwọn ìtàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni bóyá ohun tí a fi han ẹni tí ń dúró bá ohun tí yóò kàn án lọ́wọ́ mu. Hodir kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, nítorí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé òun ni ó dá a sílẹ̀. Àlá tí a mọ̀ pé àlá ni kì í dá gbèsè síni lọ́rùn. Ìlérí tí ó ti ẹnu oníṣẹ́ jáde ni ó ń dá gbèsè.

Ọjọ́ Tí Ó Jáde

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021 ni ìdákẹ́jẹ́ náà fọ́. Wọ́n fi eré náà hàn gẹ́gẹ́ bí a ó ti ṣe é, wọ́n sì dá ọjọ́: ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2022. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní iṣẹ́ náà gbòòrò ju bí àwọn ti rò lọ, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 25, oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ṣí apá kan eré náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn tí wọ́n yàn láàrin àwọn ará ìlú lè fọwọ́ ara wọn kàn án, lórí ẹ̀rọ tí ó wà nílé wọn. Èyí ni CD Projekt Red kò ṣe.

Nígbà tí eré náà jáde, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mílíọ̀nù 12 fi tà. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2023 fi dé, ó ti ju mílíọ̀nù 20 lọ. Òun ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ eré tí ó dára jù lọ ní The Game Awards ọdún 2022. Kò jáde láìní àléébù: àwọn tí ó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ráhùn pé ó ń dúró gọ́ọ́gọ́ láàrin ìjà, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Àwọn kan sọ pé ó le jù. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ kìíní ni ohun tí a ti fi hàn wọ́n.

Irú ìdúró yìí tún wáyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, FromSoftware kéde àfikún eré náà, Shadow of the Erdtree, pẹ̀lú àwòrán kan ṣoṣo. Fún nǹkan bí ọdún kan ni àwọn ènìyàn fi ń túmọ̀ àwòrán náà, bí babaláwo tí ń wo odù, títí tí wọ́n fi rí fíìmù rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ó jáde ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún náà, mílíọ̀nù márùn-ún sì tà láàrin ọjọ́ mẹ́ta.

Ìkádìí

Láti inú ìtàn wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ lè mú. Èkíní, ẹni tí ń dúró de ìtàn ti wà nínú ìtàn náà kí ó tó gbọ́ ọ. Ohun tí ó fi ọkàn hun jẹ́ ara ohun tí yóò fi gbà á. Èkejì, àlàfo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Ó jẹ́ àyè tí a fi sílẹ̀ fún àlejò. Ẹ̀kẹta, àyè náà kò dùn bí kò bá sí òótọ́ láàrin ẹni tí ń ṣe ìtàn àti ẹni tí ń retí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ náà ní ohun tí wọ́n lè rò níbẹ̀. Àwọn ọmọ Jàpáànù tí ó sá kúrò ní iléèwé ní ọdún 1988 ṣẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n sá tọ̀ lọ. Ọ̀nà ogójì ọdún ni a ti ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ọdẹ, ìtàn igbó àti ìtàn abàmì ẹ̀dá fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì ń tò sí ìlà dè é. Bí olùkọ́ bá ka orí kan nínú ìwé ìtàn fún kíláàsì rẹ̀, tí ó sì pa ìwé dé níbi tí ọdẹ ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ohun tí àwọn ọmọ bá fi ọkàn wọn rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Ó yẹ kí ó bi wọ́n léèrè rẹ̀ lówùúrọ̀, kí ó tó ṣí ìwé.

Nínú gbogbo ayé gbígbòòrò tí ó wà nínú Elden Ring, kò sí jagunjagun kankan tí a ń pè ní Hodir. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò bínú. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé idà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà.